Ọ̀ọ́dúnrún Hóró Kòkó Lórí Tábìlì Mi

Ọ̀bẹ kékeré kan wà nínú àpótí mi tí mi ò lè jù nù. Èèkù rẹ̀ ti sán, ojú rẹ̀ ti jẹ wọnú nítorí pé mo ti pọ́n ọn títí, kò sì gùn ju ìka àárín mi lọ mọ́. Ọ̀bẹ yìí ni mo fi jẹun fún ọdún márùndínlógójì. Òun ni mo fi ń la hóró kòkó sí méjì kí n lè rí inú rẹ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ kòkó ni mí. Mo wọṣẹ́ ìjọba ní 1966 n'Ìbàdàn, mo sì fẹ̀yìn tì ní 2001, lọ́dún tí fóònù GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo ti kọjá ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́rin báyìí. Bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá ní kí n sọ ohun tójú mi ti rí, ọ̀rọ̀ ogun ni wọ́n máa ń retí, tàbí ti àwọn sójà tó fipá gbàjọba. Kòkó ni mo máa ń bá wọn sọ. Ohun tí mo mọ̀ nípa ìtàn ilẹ̀ wa, nípa sáyẹ́ǹsì, àti nípa bí èèyàn ṣe ń bá èèyàn lò, ọ̀nà oko kòkó ni mo gbà dé ìdí púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Bí àwọn oníkòkó bá kó àpò dé, a ó mú irin oníhò, a ó fi gún àpò lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, hóró kòkó á sì máa gba inú irin náà ṣàn sínú abọ́. A ó po gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó ka ọ̀ọ́dúnrún jáde láìṣa dáadáa, láìṣa burúkú. Ìgbà náà ni ọ̀bẹ á tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A ó la ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gígùn, a ó tò ó sórí pátákó kí inú rẹ̀ kọjú sókè. Kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò dáadáa tí wọ́n sì sá dáadáa, inú rẹ̀ á pọ́n bí obì tó ti gbẹ, á là ní wẹ́wẹ́, bí o bá sì fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, á rún. Èyí tí wọn ò bò pé ọjọ́, elése àlùkò ni inú rẹ̀. Èyí tí wọn ò bò rárá á le gbagidi, ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà á dán, àwọ̀ rẹ̀ á sì dà bíi ti síléètì tí a fi ń kọ̀wé nílé ìwé. Orúkọ tí ìwé iṣẹ́ wa gan-an pè é nìyẹn, "slaty". Èyí tó bu ò tún nílò àlàyé, nǹkan funfun bí òwú á ti bò ó nínú, imú rẹ á sì ti sọ fún ọ kí ojú rẹ tó rí i. Nínú ìlànà tí ọjà àgbáyé ń tẹ̀lé, bí èyí tó bu bá ti ju mẹ́ta lọ nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn mẹ́sàn-án nínú ọ̀ọ́dúnrún tó wà lórí pátákó, kòkó náà ò lè jẹ́ Gíréèdì Kìíní mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún aláwọ̀ síléètì.

Mo mọ àwọ̀ síléètì yẹn kí n tó mọ inú kòkó. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, mo sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí mi sílẹ̀. Tíṣà ní kí n gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá, kí n fi ọwọ́ kan etí òsì. Ìka mi kan etí, ó bá kọ orúkọ mi. Wọ́n fún mi ní síléètì kan tí igi yí etí rẹ̀ ká. Nígbà tí mo gbé e délé, bàbá mi gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Kòkó ló ra èyí." Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe, nítorí mi ò rí i kó ta kòkó kankan lọ́jọ́ yẹn. Mo ti dàgbà kó tó yé mi. Bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ kì í san iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun fún wọn. Èyí tó kù nínú owó náà wà lára ohun tí ìjọba Awólọ́wọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ìlú. Àwọn èèyàn tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ló ra síléètì fún wa. Tẹlifíṣọ̀n WNTV tó bẹ̀rẹ̀ ní 31 oṣù Kẹwàá 1959 ńkọ́? Ilé Kòkó tó parí ní Dùgbẹ̀ ní 1965 ńkọ́? Mi ò tíì kọjá lábẹ́ ilé yẹn rí kí n má rántí àwọn obìnrin abúlé wa tó ń ti oko bọ̀ ní fẹ̀ẹ̀rẹ̀, ẹrù kòkó lórí, ọmọ lẹ́yìn.

A ti ń sọ̀rọ̀ kòkó bí ẹni pé Olódùmarè dá a mọ́ ilẹ̀ wa ni. Igbó odò Amasónì ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni igi náà ti ṣẹ̀. Ẹni tí a mọ̀ pé ó kọ́kọ́ gbin oko rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ni Captain J.P.L. Davies, ní Ìjọn lẹ́bàá Agége, ní nǹkan bí 1880, pẹ̀lú irúgbìn tó rí nínú ọkọ̀ Brazil àti ní erékùṣù Fernando Po. Davies yìí ni ọkọ Àìná, ọmọ wa tí wọ́n mú lẹ́rú tí ó sì di ọmọ ìsàmì Ọbabìnrin Victoria. Ọdún 1880 yẹn náà ni Àìná kú ní Madeira. Mo máa ń ronú nípa ọkùnrin náà, aya rẹ̀ ń lọ, igi tuntun rẹ̀ ń hù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J.K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Agége ṣe oko ńláńlá, tí àwọn èèyàn sì ń ti Ìbàdàn, Òǹdó àti Èkìtì wá ṣe lébìrà níbẹ̀. Bàbá bàbá mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tó ń bọ̀ wálé, odidi èso kòkó méjì ló gbé sínú àpò, kò fọ́ wọn lọ́nà. Hóró kòkó tó bá ti gbẹ kì í hù mọ́. Kò sẹ́ni tó fi ìwé kọ́ ọ, ó ti fojú rí i lóko Agége.

Oko tí èso méjì yẹn bí, apá Akáǹràn n'Ìbàdàn ló wà, ìjọba sì gé púpọ̀ nínú rẹ̀ kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ní 1944 ni wọ́n rí àrùn kan lára kòkó ní agbègbè Ìbàdàn. Ẹ̀ka igi á wú bí oríkèé ìka arúgbó, ewé á máa yí àwọ̀ padà, láàárín ọdún díẹ̀ igi á kú. Lẹ́yìn ogun Hitler, wọ́n rán àwọn agégi wọ oko. Wọ́n gé èyí tó ń ṣàìsàn, wọ́n gé èyí tó dúró tì í, tó tutù yọ̀yọ̀, tó so jìngbìnnì. Bàbá mi sọ fún mi pé òun jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn kùkùté náà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn àgbẹ̀ ní ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní òyìnbó ò fẹ́ kí Ìbàdàn lówó ni. Ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá gígé náà dúró ní 1950.

Nígbà tí mo kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ mi ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kòkòrò kékeré kan wà, funfun bí ẹni pé wọ́n wọ́n èlùbọ́ láfún sí i lára, tó ń fa omi igi mu. Àwọn èèrà ló ń ṣọ́ ọ bí Fúlàní ṣe ń ṣọ́ màlúù, nítorí omi dídùn tó ń yà jáde. Bó ti ń ti ìdí igi kan bọ́ sí òmíràn ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà kiri, ara igi tó dúró tutù yọ̀yọ̀ yẹn sì ti lè gbà á láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn láìtíì wú. Títí dòní, kò sí oògùn tó ń wò ó. Gígé ni. Nínú ìmọ̀, àwọn agégi ló jàre. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mú bàbá mi lọ́wọ́ lọ síbi igi kan, kó fi ìka ká èèpo rẹ̀, kó sì sọ pé, "Ẹ wo kòkòrò náà." Ó kú ní 1979, ó sì gbà títí dọjọ́ ikú rẹ̀ pé wọ́n fi ọwọ́ ọlá gbá òun lójú ni.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n kí n tó wọ kákí iṣẹ́ ìjọba. Kò kọ́ mi.

Ní ìgbà kòkó ọdún 1968, ọmọ ogún ọdún ni mí. Bàbá kan kó àpò mẹ́sàn-án wá. Ó wọ dàńṣíkí kíjìpá tó ti ṣá, àwọn ọmọkùnrin méjì ló ń bá a sọ ẹrù kalẹ̀. Mo gún àpò, mo ka ọ̀ọ́dúnrún, mo la á. Aláwọ̀ síléètì jẹ́ mọ́kànlélógójì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo ní kó kó o padà. Ó ní, "Ọmọ mi, kí ló ṣe é?" Mo ní, "Slaty." Ó ní, "Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?" Mo nawọ́ sí pátákó, mo sì pe ẹni tó kàn. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò dá a lóhùn. Ó tẹ̀ síwájú, ó mú ìlàjì hóró kan lórí pátákó mi, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi etí fìlà wé e, ó sì dé fìlà náà padà sórí. Ó lọ. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mi ò sì tún rí i mọ́. Àádọ́ta ọdún ó lé ti kọjá, ọwọ́ rẹ̀ tó ń ká etí fìlà ni mo ṣì ń rí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Àgbẹ́kọ̀yà, ìjà àwọn àgbẹ̀ pẹ̀lú ìjọba, bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá kà á nínú ìwé, owó orí lẹ ó rí níbẹ̀, òótọ́ sì ni, owó orí ni olórí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó ti àwọn tó jà á, wọn ò ní dákẹ́ lórí owó orí. Wọ́n á dárúkọ agbowó-orí, wọ́n á dárúkọ wolé-wolé, wọ́n á dárúkọ akọ̀wé kánsù, wọ́n á sì dárúkọ àwa tí à ń la kòkó. Àwọn kan wà nínú iṣẹ́ wa tó jẹ́ pé ohun tó wà lábẹ́ àpò ni wọ́n fi ń mọ gíréèdì, kì í ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi ò gbowó rí. Mo fi ìyẹn yangàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lójú bàbá oníkíjìpá, kí ni ìyàtọ̀ èmi àti ẹni tó gbowó? Àwa méjèèjì la dá ẹrù rẹ̀ padà láìsọ ìdí.

Nígbà tí ìlú gbóná, mo bọ́ kákí mi, mo wé e mọ́ inú ẹní, mo fẹsẹ̀ rìn lóru lọ sílé. Bàbá mi wà nínú àwọn tó ń bá Táfà Adéoyè, olórí Àgbẹ́kọ̀yà, ṣèpàdé. Kò lé mi. Ó ní kí n jókòó, ó bu omi fún mi, ó wá ní, "Ìwọ lo ń pe kòkó wa ní síléètì." Mo ní òótọ́ ni kòkó náà ò dára. Ó ní, "Mo gbọ́. Kí ló fà á?"

Mo lanu, ohun tí mo há sórí fún ìdánwò ló ń jáde, lédè Òyìnbó. Mi ò lè sọ ọ́ ní Yorùbá. Ojú tì mí.

Ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó ń ṣe irú. Ó ti se é láti àárọ̀ àná, ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ti fọ èèpo rẹ̀ kúrò, ó ti tún un sè. Ó da á sínú apẹ̀rẹ̀ tó tẹ́ ewé sí, ó fi ewé bò ó, ó wá ń fi aṣọ àlòkù àti àpò dì í lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni ń dì ọmọ tuntun. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń dì í tó bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo ti gọ̀ sílé ìwé. Ó ní, "Bí kò bá gbóná, kò lè di irú. Hóró tí a sè lásán ni yóò jẹ́."

Bí ìlẹ̀kùn ṣe ṣí fún mi nìyẹn. Ohun tí kòkó náà ń ṣe lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rèé! Omi funfun tó bo hóró kòkó ní ṣúgà nínú. Àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú ò lè rí, irú èyí tó ń sọ ẹmu di kíkan, á jẹ ṣúgà náà, wọ́n á sọ ọ́ di ọtí, àwọn mìíràn á sọ ọtí náà di ọtí kíkan, ooru á sì máa ru láti inú òkìtì náà títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru àti kíkan yẹn ló ń pa hóró náà kó má baà hù. Bó bá ti kú, omi inú rẹ̀ tó ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ á dà pọ̀ mọ́ra, ibẹ̀ ni ìpìlẹ̀ adùn ṣokoléètì ti ń wá. Ọjọ́ mẹ́fà ni, kí a sì máa rò ó kí afẹ́fẹ́ lè dé inú. Ẹni tó bá kó o jáde lọ́jọ́ kejì, hóró lásán ló kó jáde, bí ìyá mi ṣe wí. Àwọn ohun abẹ̀mí tó ń ṣiṣẹ́ nínú irú yàtọ̀ sí ti kòkó, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bíbò ni bíbò, ooru ni ooru.

Mo sáré padà sọ́dọ̀ bàbá mi, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ ọ dópin. Ó ní ó dára, ọ̀rọ̀ irú yẹn yé òun, òun ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé hóró náà ní láti kú. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọ pé a ò mọ ọjọ́ mẹ́fà?" Nígbà òjò, tí oúnjẹ wọ́n, tí owó ilé ìwé ọmọ ń bẹ nílẹ̀, oníkòkó, ìyẹn ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ló ń yá àgbẹ̀ lówó. Kòkó tó ṣì wà lórí igi ni wọ́n fi ń dúró. Ọjọ́ tí olówó bá dá ni ọjọ́ tó dá. Bí òjò ò bá jẹ́ kó tètè já, bí ó bá ku ọjọ́ mẹ́rin tí olówó yóò dé, ọjọ́ mélòó ni wàá fi bò ó, ọjọ́ mélòó ni wàá fi sá a? Mo rántí àpò mẹ́sàn-án. Mi ò ṣàlàyé fún bàbá yẹn, èmi náà ò sì bi í ní ìbéèrè kankan.

Rògbòdìyàn náà parí ní 1969, lẹ́yìn tí Awólọ́wọ̀ ti lọ bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà, mi ò la kòkó àgbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ni ín á dúró tì mí, a ó jọ kà á. Lọ́pọ̀ ìgbà mo máa ń fún un ní ọ̀bẹ kó la á fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀gá mi kan ní mò ń fàkókò ṣòfò, iye àpò tí mò ń yẹ̀ wò lóòjọ́ sì kéré sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní tòótọ́. Mo máa ń bi wọ́n pé, "Mama, ṣé ẹ̀yin á gbé irú ọjọ́ kìíní lọ sọ́jà?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á ti yé. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè pé ta ló ń retí owó lọ́wọ́ wọn. Níbi tí gbèsè bá ti jẹ́ olórí ọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo máa ń tọ́ka wọn sí, nítorí èlé ibẹ̀ kò tó ti oníkòkó. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí i ṣe.

Ọ̀ràn Gammalin 20 wà níbẹ̀ náà, kò yẹ kí n fò ó. Oògùn kòkòrò ni, ó sì ṣiṣẹ́ lóko dáadáa. Lindane ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìkìlọ̀ ara agolo, Òyìnbó ni. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti dà á sódò láti fi pa ẹja, tí wọ́n sì gbé ẹja náà lọ sọ́jà. Mo ti rí agolo rẹ̀ tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n fi ń bu omi mu. Ní 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Stockholm fi lindane sára àwọn oògùn tó yẹ kó kúrò lóko. Ó ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa láti bí àádọ́ta ọdún nígbà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí ń bí mi nínú títí dòní, agolo yẹn ni.

Ní 1986 ìjọba tú bọ́ọ̀dù ká. Àgbẹ̀ rí owó tó pọ̀ sí i gbà, inú mi dùn sí ìyẹn, ó ti yẹ wọ́n tipẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò mọ kòkó yàtọ̀ sí èkùrọ́ gbé owó wọ abúlé, wọ́n ń ra tútù, wọ́n ń ra èyí tó bu, ọ̀bẹ mi sì di ohun tí ẹnì kan ò kà sí mọ́. Ohun kan náà ni mo rí ní 2024, nígbà tí owó tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé kọjá ẹgbàárùn-ún dọ́là. Àwọn ọmọ wa ń sá kòkó sórí ọ̀dà títì, èéfín mọ́tò ń fẹ́ sí i, kò sì tíì gbẹ tí wọ́n fi ń dì í sápò.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sábúlé wa pẹ̀lú fóònù. Wọ́n rán an láti ya àwòrán oko kọ̀ọ̀kan. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe òfin kan ní 2023 pé kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn 31 oṣù Kejìlá 2020 wá kò ní wọ ọjà wọn, ẹni tó bá sì ń tà á gbọ́dọ̀ fi ibi tí oko náà wà gan-an hàn. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti ń lọ. Mo dúró níwájú ilé mi, mo rí i tó ń yí oko ìyàwó àbúrò mi ká, ojú rẹ̀ ò kúrò lára fóònù. Ìyàwó yẹn ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ilẹ̀ náà lẹ fẹ́ gbà ni?" Ọmọ náà ní, "Rárá, Mama, GPS ni." Ó sì ń lọ.

Àyà mi já. Ohùn bàbá mi ni mo gbọ́ lẹ́nu obìnrin yẹn, ohùn ara mi sì ni mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ náà.

Mo pè é. Ọmọ dáadáa ni, ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó. Mo ní kó sọ òfin náà fún Mama láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sọ ẹni tó ṣe é, kó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kan bí fóònù ṣe mọ ibi tó wà, ọ̀rọ̀ há sí i lẹ́nu, mo bá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó wa, bí mànàmáná bá kọ, tí àrá sán lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣé ó jìnnà?" Ó ní ó ti dé orí ilé nìyẹn. "Bí o bá kà dé mẹ́wàá kó tó sán ńkọ́?" Ó ní ó ṣì wà lọ́nà jíjìn. Mo ní ohun tí fóònù ń ṣe nìyẹn. Àwọn sátẹ́láìtì wà lókè tí ń ránṣẹ́ sísàlẹ̀, fóònù á wo bí iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lọ́nà, á fi mọ bí òun ti jìnnà sí i tó. Bó bá ti gbọ́ láti ẹnu mẹ́rin, ó ti mọ ibi tó dúró sí.

Ó ní kí wọ́n fi àwòrán oko náà han òun. Ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ó bi í pé kí ló wà níbẹ̀ yẹn. Ọmọ náà ní ibẹ̀ ni odò. Ó ní, "Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí pèrègún wà ni ààlà, odò ṣì kù níwájú. Bàbá ọkọ mi ló gbin pèrègún náà." Ọmọ náà wo fóònù rẹ̀, ó ní bóyá ewé igi ló bo ojú ọ̀run níbẹ̀ tí fóònù ò fi gbọ́ dáadáa. Mo mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo tún mọ̀ pé kò bi ẹni tó ni oko léèrè.

Wọ́n tún un rìn. Ìyàwó wa ló ṣíwájú lọ́tẹ̀ yìí, ó ki aṣọ rẹ̀ bọ ìbàdí, ó gbé fóònù náà dání bí ẹni gbé abọ́ omi tó kún. Ó ń dúró nídìí pèrègún kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà á tẹ nǹkan, wọ́n á tún máa lọ. Èmi tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọ̀pá mi. Nígbà tí ìlà náà pàdé ara rẹ̀ lójú fóònù, abẹ́ igi ọsàn kan la wà, níbi tí òkìtì kan wà tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò. Ó fi èékánná kan ojú fóònù, ó ní, "Ibí yìí ni mo ti ń bo kòkó mi. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣí etí ewé, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Mo béèrè pé ọjọ́ mélòó ni. Ó ní ọjọ́ kẹta. Mi ò lè jẹ́ kí ọwọ́ mi pẹ́ níbẹ̀.